Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tó fẹ́ ṣe ìyá àgbà nínú eré

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wọ́n ní ipa ìyá arúgbó ni wọ́n fún ọ. O kú oríire o. Kí o tó máa wá ẹfun tí o máa fi kun irun, lọ wo Cicely Tyson, òṣèré obìnrin ará Amẹ́ríkà, nínú fíìmù The Autobiography of Miss Jane Pittman, tí ilé-iṣẹ́ CBS gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1974. Ẹni ọdún 49 ni nígbà náà. Obìnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Louisiana ló ṣe, títí ìyá náà fi di ẹni 110 ọdún.

Stan Winston àti Rick Baker ló ṣe ojú arúgbó fún un, wọ́n sì gba Emmy, ẹ̀bùn iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, lórí rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀: wọ́n á da nǹkan tó ń dì bí ẹ̀kọ sójú òṣèré, tó bá ti gbé àwòrán ojú, wọ́n á da pílásítà sí i kí orí náà lè dúró lórí tábìlì. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ara tó hunjọ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á po rọ́bà olómi títí á fi hó bí ọṣẹ, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á yan án. Etí rọ́bà náà, níbi tó ti pàdé awọ ojú, ni iṣẹ́ wà. Bó bá nípọn, kámẹ́rà á rí i. Bí òógùn bá sì wọ abẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, á ṣí, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tí kì í sinmi. Etí náà máa ń ya nígbà tí wọ́n bá ń bó o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo tuntun lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n rọ́bà kò mọ ìrìn àgbà. Tyson lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó lọ wò wọ́n dáadáa. Wo ibi tí Jane ti fi ọ̀pá rìn lọ mu omi níwájú kóòtù, níbi ẹ̀rọ omi tí wọ́n ní òyìnbó nìkan ló gbọ́dọ̀ mu. Kò kánjú rárá. Àṣìṣe tí àwọn ọ̀dọ́ òṣèré máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á há ohùn sọ́nà ọ̀fun títí ohùn á fi há pátápátá. Arúgbó kì í fẹ́ kí ara òun gbọ̀n. Ńṣe ló ń bá a jà. Kó tó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ á ti wá àga. Kó tó yíjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dúró. Èémí ló máa ń kọ́kọ́ tán, kì í ṣe ohùn.

Má sì gba gbogbo ipa. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n East Side/West Side, ní 1963, irun Tyson bí Ọlọ́run ṣe dá a ló gbé wọ tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn tí fíìmù Sounder (1972) mú un débi tí wọ́n yàn án fún ẹ̀bùn Oscar, kò gba ipa tó ń tàbùkù obìnrin dúdú, bí iṣẹ́ tilẹ̀ ń wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Binta, ìyá Kunta Kinte nínú eré tẹlifíṣọ̀n Roots, wá ní 1977. Ẹni ọdún 88 ni nígbà tó gba Tony, ẹ̀bùn eré orí ìtàgé, ní 2013. Ó kú ní 28 oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 96.

Wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì. Pa ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí o máa wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Tó o bá wò ó tán, pè mí, ká jọ rìn ín.

Àǹtí rẹ