Afẹ́fẹ́ Nìkan Kọ́ Ló Tan Iná Dẹ́nmárkì

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí iná mànàmáná tí Dẹ́nmárkì ń rí láti ara afẹ́fẹ́, mo sì gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé náà ti sọ pé Ọlọ́run ló fi afẹ́fẹ́ kẹ́ àwọn ará ibẹ̀, pé ìjọba wọn kò ṣe ju kí wọ́n gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Afẹ́fẹ́ Òkun Àríwá ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, síbẹ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè lọ́dún 1973, epo tí wọ́n ń rà lókè òkun ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ agbára tí orílẹ̀-èdè náà ń lò. Àwọn ènìyàn ló jókòó tí wọ́n pinnu pé yóò yí padà. Ọ̀kan nínú wọn, tí mo rò pé ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀ nínú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀, ni Svend Auken.

Ìlú Aarhus ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1943. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Folketing, lọ́dún 1971, ó ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ láti 1977 sí 1982, nígbà tó sì di 1987 ó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Social Democrats. Nínú ìbò ọdún 1990, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó 69 nínú 179, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tó sún mọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kò fẹ́ tì í lẹ́yìn, Poul Schlüter sì jókòó tirẹ̀ nípò olórí ìjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 1992, níbi àpérò ẹgbẹ́ ní Vejle, igbákejì rẹ̀, Poul Nyrup Rasmussen, díje du ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1993, Nyrup di olórí ìjọba.

Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró díẹ̀ bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó adé, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì já a gbà, ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, tàbí kí ó jókòó sẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀ kí ó máa wá ọjọ́ ẹ̀san. Auken gba iṣẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká lọ́wọ́ ẹni tó lé e kúrò lórí àga. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lọ́dún 1994, wọ́n da ọ̀rọ̀ agbára pọ̀ mọ́ ti àyíká lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni pé ẹni tó ń ṣọ́ èéfín àti ẹni tó ń ṣètò ibi tí iná yóò ti wá di ẹnì kan ṣoṣo. Ètò agbára tí wọ́n pè ní Energi 21 jáde lọ́dún 1996, lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kíkọ́ ilé iṣẹ́ iná tuntun tó ń lo èédú. Mi ò sọ pé òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Owó ìrànwọ́ fún ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ ti wà láti 1979, ẹ̀rọ 11 sì ti ń yí nínú omi ní Vindeby láti 1991, kí ó tó dé ipò náà.

Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ rí ohun tí mo ń wí, kí ó wo Middelgrunden, oko ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú òkun. Ogún ẹ̀rọ ni wọ́n tò bí ọrun tí a fà sínú omi, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta àbọ̀ sí èbúté Copenhagen, tí ẹni tó bá rìn dé etí omi yóò máa wò ó pẹ̀lú ojú lásán. Ọdún 2000 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná ló ni ìdajì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 8,000 ló ni ìdajì kejì, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ krone 4,250 nínú owó Dẹ́nmárkì. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra ìpín nínú ẹ̀rọ kì í tètè bínú pé ó bojú omi jẹ́. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ó ní ibi tí mo ti dá Auken lẹ́bi. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń pín ẹrù àdéhùn Kyoto, àdéhùn àgbáyé lórí dídín irú èéfín bẹ́ẹ̀ kù, láàárín ara wọn lọ́dún 1998, Dẹ́nmárkì gbà láti dín afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná kù ní ìdá 21 nínú 100 sí ti ọdún 1990. Ọdún 1990 ọ̀hún kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dára: omi pọ̀ ní Norway àti Sweden, iná tí wọ́n ń fi omi ṣe pọ̀ yanturu, Dẹ́nmárkì rà á, èédú tí wọ́n sun nílé sì kéré ju ti ọdún mìíràn lọ. Ẹni tó bá fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ti fi kún ẹrù ara rẹ̀. Àwọn alátakò Auken kò jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n rí ẹsẹ̀ dúró sí.

Nígbà tí Anders Fogh Rasmussen, tó wá láti ẹgbẹ́ alátakò, gba ipò olórí ìjọba lọ́wọ́ Nyrup ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ agbára kúrò lára ti àyíká. Oko ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ márùn-ún ni ìjọba Auken ti là sílẹ̀ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ iná kọ́ sínú òkun. Ìjọba tuntun fagi lé mẹ́ta. Méjì tó ṣẹ́kù ni Horns Rev, tó ní ẹ̀rọ 80, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 2002, àti Nysted, tó ní 72, tí wọ́n parí lọ́dún 2003. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lórí àwọn mẹ́ta tí wọn kò kọ́.

Auken kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, oṣù mẹ́rin kí àpérò àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́ tó wáyé ní Copenhagen. Ẹ bá mi bẹ òǹkọ̀wé yín pé, bí ó bá tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó fún orúkọ ọkùnrin náà ní ìlà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́.