Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, lórí Charles Morton tó fi èdè ilé kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní Yorùbá lo fẹ́ fi máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ nírọ̀lẹ́ ní sáyẹ́ǹsì, àwọn òbí kan sì ti ń kùn pé o fẹ́ ba ọmọ àwọn jẹ́. Má tíì dá wọn lóhùn. Ẹnì kan ti tọ ọ̀nà yìí ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn, ó sì dára kí o mọ ibi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Charles Morton lorúkọ rẹ̀. Cornwall, ní ìkangun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n bí i sí ní 1627. Ó lọ sí Cambridge, kó tó wá bọ́ sí Wadham College ní Oxford. John Wilkins ni ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn tó gbà pé ojú ni kí ènìyàn fi rí nǹkan kó tó gbà á gbọ́. Ìṣirò tí Morton mọ̀ ló jẹ́ kí Wilkins fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1655, ó di òjíṣẹ́ ìjọ ní Blisland, ní Cornwall kan náà.

Púrítánì ni. Àwọn Púrítánì ni wọ́n fẹ́ yọ gbogbo àṣà tí wọn kò rí nínú Bíbélì kúrò nínú Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọba padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1662 ní kí gbogbo òjíṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdúrà ìjọ láìyọ ẹyọ kan. Láàárín 1660 sí 1662, nǹkan bí 2,000 òjíṣẹ́ àti olùkọ́ ló pàdánù ipò wọn, Morton sì wà nínú wọn. Òfin míì tẹ̀lé e ní 1665: ẹni tó bá kọ̀ láti búra kò gbọdọ̀ wà láàárín máìlì 5 sí ìjọ tó ti wàásù rí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni níwèé. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 40. Àwọn ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ náà kò rọ́nà wọ yunifásítì. Ní Oxford, bí o kò bá fọwọ́ sí ìlànà ìgbàgbọ́ ìjọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, ilé lò ń lọ. Ní Cambridge, ìgbà tó bá ku oyè ni wọ́n máa ń dènà rẹ.

Ibi tí ilẹ̀kùn tì sí yìí ni Morton gbé ti ṣílẹ̀kùn tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1675, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Newington Green, lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ́nù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ni nígbà tó jẹ́ pé Látìn ni gbogbo yunifásítì ń lò. Gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni o máa fi dá àwọn òbí yẹn lóhùn: kò kó Látìn dànù. Àwọn ọmọ ń ka Látìn, wọ́n sì ń ka Gíríìkì. Ohun tó kọ̀ ni pé kí ọmọ máa jìjàkadì pẹ̀lú èdè àti òye lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 kò yàtọ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀.

Daniel Defoe, tó kọ ìtàn Robinson Crusoe ní 1719, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, òun ló sì ṣàlàyé bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn á dìde sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọn á kọ lẹ́tà. Kì í ṣe lẹ́tà ‘mo kí ọ, báwo nilé’ o. Ọmọ kan á di aṣojú ọba nílẹ̀ òkèèrè, á ròyìn bí wọ́n ṣe gbà á lálejò. Òmíràn á di akọ̀wé ìjọba, á fèsì pẹ̀lú àṣẹ. Ìwọ náà gbìyànjú rẹ̀. Ní kí ọmọ kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó ń kọ̀wé sí baálẹ̀ nípa omi kànga. Ibi tí òye rẹ̀ kò bá dé, lẹ́tà náà á tú u fó.

Akẹ́kọ̀ọ́ míì níbẹ̀, Samuel Wesley, baba John Wesley tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, padà kọ̀wé bú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ ìwọn ooru, irinṣẹ́ ìṣirò lóríṣiríṣi, àti ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn jáde nínú ìgò. (Ẹ̀rí ọ̀tá máa ń dùn mọ́ mi ju ti ọ̀rẹ́ lọ.) Ìwọ kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Gbé àbẹ́là kúkúrú sínú abọ́, bu omi sí i, tàn án, kí o wá fi ife gíláàsì dé e. Iná á kú, omi á sì gòkè nínú ife. Ibí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà: wọ́n á ní ọ́síjìn ló tán tí omi fi gba àyè rẹ̀. Rárá o. Ọ́síjìn kò tán. Atẹ́gùn gbígbóná inú ife ló tutù tó sì sún kì nígbà tí iná kú, òun ló fa omi sókè. Wo ìgbà tí omi ń sáré gòkè, wàá rí i pé lẹ́yìn tí iná ti kú tán ni.

Morton kọ ìwé físíìsì fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó da èrò Aristotle, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, pọ̀ mọ́ ìmọ̀ tuntun ìgbà náà, ó sì fi ewì onílà méjì ká kókó ẹ̀kọ́ kó lè rọrùn láti há sórí. Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dà á kọ. Bí o bá ní kí ọmọ da ìwé kọ, yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹlòmíràn tó yá a, torí àṣìṣe inú ẹ̀dà kan á wọ ẹ̀dà mẹ́wàá.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Morton sọ ló tọ̀nà. Nínú ìwé tó kọ lórí Jeremáyà 8:7, ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ẹyẹ àkọ̀ àti alápàǹdẹ̀dẹ̀ ń lọ nígbà òtútù. Àwọn kan ní ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n ń sùn. Morton kò gbà. Ó ní òṣùpá ni wọ́n ń lọ, 60 ọjọ́ ni wọ́n fi ń rìn dé ibẹ̀, ọ̀rá ara wọn sì ni oúnjẹ wọn lójú ọ̀nà. Wilkins ọ̀gá rẹ̀ ti kọ̀wé ní 1638 pé òṣùpá lè jẹ́ ayé tí ẹ̀dá ń gbé. Morton tọ̀nà pé àwọn ẹyẹ náà ń rìnrìn àjò, ó tọ̀nà nípa ọ̀rá. Ibi tí wọ́n ń lọ ló ṣì. Ilẹ̀ Áfíríkà ni, kódà ògìdìgbó alápàǹdẹ̀dẹ̀ Yúróòpù máa ń sùn ní Boje, ní Cross River, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tiwa.

Ohun tó lé e kúrò ní Newington Green kì í ṣe ẹ̀kọ́ rẹ̀, òfin ni. Àwọn alátakò tún yọ ìbúra àtijọ́ kan jáde, èyí tí àwọn tó gboyè ní Oxford máa ń ṣe pé àwọn kò ní dá ẹ̀kọ́ yunifásítì sílẹ̀ níbòmíràn. Ó kọ̀wé láti fi hàn pé ìbúra náà kò kan ohun tóun ń ṣe, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ní 1686 ó wọkọ̀ lọ sí Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Ó ń retí ipò ààrẹ Harvard; ẹ̀rù ìjọba ọba ba àwọn ara ibẹ̀, wọn kò sì fi í jẹ ẹ́. Ó di òjíṣẹ́ ìjọ ní Charlestown, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi í ṣe igbákejì ààrẹ ní 1697, ó sì kú ní 1698. Ìwé físíìsì rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń dà kọ ní Harvard ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. 1940 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ìwé àṣẹ ilé ẹ̀kọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ gbà, kí o sì fi í kọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Lẹ́yìn náà, kọ orí kìíní ìwé rẹ kó o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi kọ́ni. Mo fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí o máa lò láti fi ya atẹ́gùn sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ