Ilẹ̀ ibí náà ń hu nǹkan

Chatham, Kent
Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, nítorí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù yín bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti gbọ́ òjò orí páànù kẹ́yìn. Mo ní mi ò ní fi ohùn dá ọ lóhùn, màá jókòó kọ ọ́ ni, nítorí ohun tí o bi mi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dáhùn nígbà tó bá ń sáré lé bọ́ọ̀sì.

O ní kí ni nǹkan aláwọ̀ aró tó wà nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, tó tẹ́ sábẹ́ igi bí ẹni tẹ́ àdìrẹ. O tún ní ṣé òótọ́ ni pé inú agolo àti inú yìnyín nìkan la ti ń jẹun níbí.

Ká má parọ́, ọdún méjì àkọ́kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ló rí. Iṣu tí mo bá rà, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ọjọ́ kan wà tí mo ra odidi iṣu kan ní ṣọ́ọ̀bù kan, owó gidi ni mo san, ìgbà tí mo gé e délé, inú rẹ̀ ti dúdú láti orí dé ìdí. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo sunkún. Kì í ṣe torí owó náà. Ó ń ṣe mí bíi pé ilẹ̀ tí mo wà yìí ò ní nǹkan kan fún mi, àti pé èyí tó bá ti ilé wá náà, á ti bà jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá àgbàlagbà kan ló mú mi jáde nínú ìyẹn. Òyìnbó ni, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ògiri kan náà ló pín ilé wa. Àwọn tibí a máa pe àgbà ní orúkọ, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á. “Màmá” ni mo ń pè wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń fi í yangàn fáwọn ọmọ wọn. Wọ́n rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń gbé ẹ̀wà tútù wọlé, wọ́n gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: Kẹ́ńyà. Wọ́n ní, “Ẹ̀wà yìí ti wọ bàálù, ìwọ tó ń gbé nínú ọgbà sì ń rà á.” Wọ́n ní kí n múra de àwọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ṣé o rí Kent tí mo ń gbé yìí, Ọgbà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é, nítorí èso. Ní ọdún 1533, Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n dá oko èso sílẹ̀ fún òun ní Teynham, kò jìnnà sọ́dọ̀ wa. Títí di òní, ní Brogdale lẹ́bàá Faversham, oríṣi ápù tó lé ní 2,000 ló wà lórí ìdúró níbẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wo oko wọ̀nyí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, tí mo rò pé igi lásán ni.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ Sátidé náà kí a tó wọ igbó. Ẹ̀gbẹ́ Blue Bell Hill ni, òkè tó wà láàárín Chatham àti Maidstone. Òórùn dídùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kọ́kọ́ pàdé wa. A yà ní kọ́nà kan, Ìyá Ìbejì, ni ilẹ̀ bá di aró! Kì í ṣe ìdì kan níhìn-ín, ìdì kan lọ́hùn-ún. Bí ojú rẹ ṣe lè ríran tó láàárín igi, aró ni, bí ẹni pé aláró kan da gbogbo ìkòkò rẹ̀ nù síbẹ̀. Mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Bluebell ni orúkọ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Ọ̀pá òdòdó kọ̀ọ̀kan tẹ orí ba sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí àgbà. Ibi tó tẹ̀ sí yẹn ni àwọn agogo kéékèèké rọ̀ sí, tí etí agogo kọ̀ọ̀kan sì ká sẹ́yìn. Èyí tó ti Sípéènì wá, tí wọ́n ń gbìn sọ́gbà ilé, ìyẹn máa ń dúró ṣánṣán ni, agogo rẹ̀ á yí i ká, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Nǹkan bí ìdajì gbogbo bluebell inú igbó tó wà láyé, ilẹ̀ Bìrìtéènì yìí ló wà.

Mo fẹ́ wọ àárín rẹ̀ kí fọ́tò mi lè dára. Màmá gbá apá mi mú. “Má tẹ̀ ẹ́!” Wọ́n ní ewé rẹ̀ ló ń wá oúnjẹ fún kóró tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kóró tó dà bí àlùbọ́sà kékeré. Tí èèyàn bá tẹ ewé náà pa lónìí, ebi á pa kóró náà, kò sì ní lágbára láti yọ òdòdó lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó bá sì ti orí hóró hù, ọdún 5 sí 7 ló máa lò kó tó yọ òdòdó. Láti ọdún 1981 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ hú u láìgba àṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìwọ̀nba àsìkò tó ní kéré gan-an. Kí àwọn igi ńlá tó pé ewé lórí ni oòrùn ń ráyè dé ilẹ̀, nínú oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún. Tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, igbó á ti ṣú, òun náà á sì ti kó gbogbo agbára rẹ̀ wọlẹ̀.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú igbó yẹn. Ibi tí wọ́n ti gé igi lulẹ̀ ni òdòdó ti pọ̀ jù. Igi chestnut ni, wọ́n á gé e débi kùkùté, á tún rúwé láti ìdí, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 15 wọ́n á tún gé e. Láyé àtijọ́, ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún hop, ìtàkùn tí wọ́n fi ń pọn bíà, láti gùn. Bí wọ́n bá ti gé e, oòrùn á wọlé, òdòdó tó ti ń sùn nílẹ̀ á sì yọ. Òmíràn tún wà níbẹ̀, funfun báláú, tí wọ́n ń pè ní wood anemone. Ìyẹn kì í rìn ju nǹkan bíi mítà méjì lọ ní 100 ọdún. Mo wo ibi tó tẹ́ dé, mo sì ronú nípa iye ọdún tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bí mi.

Láti inú igbó, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù inú oko kan. Asparagus ni wọ́n kó jọ síwájú ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá aláwọ̀ ewé tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tó jọ ọmọ ọparun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Obìnrin tó ni oko náà mú ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ níwájú mi. Ó dún pà, omi sì yọ lójú ibi tó ti ṣẹ́. Ó ní àárọ̀ yẹn ni àwọn gé e. Mo bọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí mo délé, mo fi bọ́tà àti iyọ̀ sí i, mo wá gún ata díẹ̀ lé e. Ìyá Ìbejì, adùn rẹ̀ jọ ti àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lóko tí wọ́n sì sè lójú ẹsẹ̀. O mọ̀ pé àgbàdo tó bá sùn di ọjọ́ kejì, adùn rẹ̀ ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èyí, ìdí nìyẹn tí ti ìtòsí fi sàn ju èyí tó wọ bàálù.

Láti nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ni wọ́n ti ń gé e, tó bá di nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, wọ́n á jáwọ́. Kì í ṣe pé ó ti tán nílẹ̀ o. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó ga, kó ya ẹ̀ka wínníwínní, kó fi ìyókù ọdún bọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọdún méjì. Tó bá ti wá dúró dáadáa, ó lè máa jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá sí i.

Bí obìnrin yẹn ṣe ń ṣàlàyé, bàbá rẹ ló wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. O rántí bí wọ́n ṣe máa ń rọra fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, tí wọ́n á gé iṣu tuntun kúrò lórí, tí wọ́n á tún da iyẹ̀pẹ̀ bo gbòǹgbò padà kó lè so èbù? A kéré nígbà yẹn, a fẹ́ sáré gba orí ebè kọjá lọ síbi odò. Ariwo tí wọ́n pa mọ́ wa, mo ṣì ń gbọ́ ọ: “Ẹ má tẹ̀ ẹ́!” Ọ̀rọ̀ kan náà ni Màmá sọ fún mi nínú igbó bluebell. Látìgbà yẹn ni ilẹ̀ ibí ò ti ṣàjèjì sí mi mọ́.

Mo ti ń ja ewé níbí náà báyìí. Aáyù ìgbẹ́ kan wà tó máa ń hù ní àkùrọ̀ lábẹ́ igi, òórùn rẹ̀ á ti sọ fún ọ kí o tó rí i. Ewé rẹ̀ là ń jẹ. Òfin gbà kéèyàn já a fún ọbẹ̀ ara rẹ̀, kò ṣáà ní fà á tu. Àmọ́ ewé mìíràn tó ní májèlé máa ń hù mọ́ ọn, nítorí náà ewé kọ̀ọ̀kan ni mo ń yẹ̀ wò. Téèyàn bá gbára lé òórùn nìkan, ọwọ́ á ti gba òórùn aáyù, gbogbo ewé á sì máa rùn bákan náà. Mo gé e wínníwínní sínú ẹ̀fọ́ rírò lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú ẹyin tí mo rà lójú ọ̀nà. Màmá jẹ ẹ́, wọ́n ń nu imú nítorí ata, wọ́n sì tún ní kí n bu sí i.

Jẹ́ kí n sọ ti ẹyin yẹn fún ọ. Orí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà ló wà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n kọ iye rẹ̀ sára páálí, wọ́n gbé agolo tí èèyàn máa sọ owó sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo rántí ìyá àgbà wa tó máa ń sọ pé láyé tiwọn, wọ́n á kó ọjà sẹ́bàá ọ̀nà oko, wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ kí èrò mọ iye tí wọ́n ń tà á, kò sì sẹ́ni tó máa jí i. Mo sọ owó mi sínú agolo náà, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń kí olówó ọjà.

Owó ọjà inú oko máa ń lé díẹ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù ńlá, mi ò ní tàn ọ́. Mo dín ẹran kù ni, mo sì dín ohun inú yìnyín kù. Bí strawberry bá dé nínú oṣù Kẹfà, màá fi fọ́tò ránṣẹ́ sáwọn ìbejì.

Ní báyìí, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà, worowo á ti máa yọ lábẹ́ kòkó lóko bàbá rẹ, olú náà á ti fẹ́ máa hù. Mú àwọn ìbejì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, fi worowo náà han wọ́n, kó o kọ̀wé sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Tí òjò bá sì tún ń rọ̀, gbé fóònù sẹ́bàá fèrèsé. Má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.