Òótọ́ ni wọ́n kọ nípa Adélabú, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ tán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Kúdẹtì n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ mi tó wà ní girama gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní, "Bàbá, ṣé olè ni Adélabú ni?" Iṣẹ́ ilé ni wọ́n fún un, ó sì ti lọ ka ìtàn Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn ìgbà òyìnbó, nínú Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tún kọ. Ìlà mẹ́rin péré: wọ́n bí i ní 1915, ìgbìmọ̀ ìwádìí dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ káńsù, ó fipò mínísítà sílẹ̀, jàǹbá ọkọ̀ pa á ní 1958.

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní irọ́ ni, à bá pa á rẹ́ ká sinmi.

Ta ló gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí náà, tí òyìnbó tó ń jẹ́ Nicholson darí, kalẹ̀? Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni, ìyẹn ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) tí Awólọ́wọ̀ ń darí. Adélabú sì ni alága káńsù Ìbàdàn, inú ẹgbẹ́ NCNC Alákùkọ, alátakò Ọlọ́pẹ, ló wà. Ọlọ́pẹ ló ń wádìí Alákùkọ! Mi ò sọ pé òyìnbó náà parọ́ o. Ó jókòó, ó gbọ́ ẹ̀rí, ó kọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọdé tó ń kà á mọ ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Kó sì mọ̀ pé nígbà tí ìbò dé lóṣù karùn-ún 1956, tí ariwo ìwádìí ò tíì rọlẹ̀, Alákùkọ náà ni Ìbàdàn tún dìbò fún, tí Adélabú fi di olórí alátakò nílé ìgbìmọ̀.

Inú bí mi. Mo ní kí ọmọ náà yọ ìlà ìwádìí yẹn kúrò. Ó yọ ọ́. Kí n tó mu tíì mi tán, àwọn tó ń bójú tó ìwé náà ti dá a padà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í yọ ohun tó ní ẹ̀rí. Ojú tì mí. Ní 2006, ó hàn síta ní Amẹ́ríkà pé àwọn òṣìṣẹ́ Marty Meehan, ọmọ ilé aṣòfin kan, wọ inú Wikipedia lọ yọ ìlérí tí ọ̀gá wọn ṣe pé òun ò ní pẹ́ nípò. Kí ni mo fi sàn jù wọ́n lọ?

A tún un ṣe. A fi ìlà ìwádìí sílẹ̀, a wá kọ ẹni tó gbé e kalẹ̀ àti ìbò 1956 sí i, láti inú ìwé ìtàn méjì tó wà nílé mi, pẹ̀lú ojú ewé. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi rí, aránṣọ ni wọ́n, ọmọ Mábọlájẹ́ paraku, ìyẹn ẹgbẹ́ Adélabú n'Ìbàdàn, ìyẹn ò wọlé. Wọ́n ní níbo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Wọ́n sì jàre. Bí a bá gba ti bàbá tèmi, a ó gba ti ọmọ ẹ̀yìn gbogbo olóṣèlú òde òní, tí ìtàn ọ̀gá wọn ti dà bíi pósítà ìbò.

Ẹ má sọ pé ẹgbẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó bá kà pé wọ́n ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1963, tí kò ka pé Gowon tú u sílẹ̀ ní 1966, tó sì fi í ṣe kọmíṣọ́nnà ìṣúná lẹ́yìn náà, wọ́n ti rẹ́ òun náà jẹ.

Ìwé ìròyìn ìgbà náà tí à bá tọ́ka sí, ẹ̀yìn ẹni tó ni ín ló ń gbè sí: Awólọ́wọ̀ ló ni Tribune, Azíkíwè ló ni Southern Nigeria Defender. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyí. Ẹ bá wa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tọ̀tún tòsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọjọ́, ẹ sì gbé e síbi tí ọmọ ọmọ mi yóò ti lè tọ́ka sí i. Mo mọ àgbà mẹ́ta ládùúgbò wa tó fojú rí Adélabú. Ọ̀kan ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òwúrọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ máa ń já gaara lẹ́nu wọn. Bí ẹ bá máa rán akọ̀ròyìn wá, kó má jẹ́ kí aago mẹ́wàá lù.

Olùkọ́ àná,
Kúdẹtì, Ìbàdàn