Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ nípa bí wọ́n ṣe tẹ Savannah dó

Savannah, Georgia
Oṣù Kẹta

Àdùkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, o ṣeun. Ìbéèrè tí o ní ọmọ kíláàsì rẹ kan bi ọ́ ni kò jẹ́ kí n lè fi èsì falẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni pé nígbà tí wọ́n tẹ Savannah yìí dó, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ẹrú níbẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀ fún ọmọ yẹn.

Oṣù Kẹfà ọdún 1732 ni Ọba George Kejì fún ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n lọ tẹ Georgia yìí dó ní ìsàlẹ̀ South Carolina, kí wọ́n sì máa ṣàkóso rẹ̀ fún ọdún 21. Wọ́n kọ ọ́ sára èdìdì wọn pé kì í ṣe fún ara àwọn, fún ẹlòmíràn ni. James Oglethorpe ló ṣíwájú wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Robert Castell, ti kú sí ẹ̀wọ̀n ní 1728 nítorí gbèsè, ilẹ̀gbóná ló sì pa á. Ikú yẹn ká Oglethorpe lára gan-an, ó sì ń wá ibi tí àwọn tálákà ilẹ̀ rẹ̀ yóò ti máa rí jẹ. Títí dòní làwọn ènìyàn ń sọ pé onígbèsè ni wọ́n kó wá síbí. Kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn onígbèsè tó bá wọn wá kò tó nǹkan. Ní ti ọba, odi ló ń wá. Àwọn ará Sípéènì wà ní St. Augustine ní Florida, ìrẹsì sì ti sọ àwọn kan di olówó rẹpẹtẹ ní Charles Town ní South Carolina, ó wá fẹ́ kí àwọn kan wà láàárín tí ogun yóò kọ́kọ́ bá.

Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ Anne gbéra ní Gravesend pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní 100. Ọjọ́ 12, oṣù Kejì ọdún 1733, wọ́n gòkè sórí ilẹ̀ gíga kan létí odò, ó ga tó 40 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú omi. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí tí o bá ń kọ́ àwọn ọmọ, torí pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Àwọn Yamacraw ló ń gbé ibẹ̀, nǹkan bí 200 ènìyàn tó ti yà kúrò lára àwọn Creek yòókù, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Tomochichi, àgbàlagbà tó ti darúgbó, ni olórí wọn. Ó gbà kí àwọn àlejò dúró, nítorí ó fẹ́ ẹni tí yóò máa bá àwọn ènìyàn òun ṣòwò nítòsí.

Ta ló wá ń túmọ̀ fún wọn? Mary Musgrove ni. Creek ni ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀. Coosaponakeesa ni àwọn ará ìyá rẹ̀ ń pè é. Òun àti John ọkọ rẹ̀ ní ìsọ̀ sí tòsí ibẹ̀, tí wọ́n ti ń ra awọ àgbọ̀nrín lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Ẹnu obìnrin yìí ni gbogbo àdéhùn gbà kọjá. Mi ò rí bí ìlú náà ì bá ṣe dúró láìsí i, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n jẹ ẹ́; ó di 1760 kí wọ́n tó fún un ní erékùṣù St. Catherines.

Nígbà tí Tomochichi wá kí Oglethorpe káàbọ̀, awọ ẹfọ̀n ló fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n ya orí idì àti ìyẹ́ rẹ̀ sí inú awọ náà. Ó ṣàlàyé pé idì yára, ẹfọ̀n lágbára, bẹ́ẹ̀ náà làwọn Gẹ̀ẹ́sì rí tí wọ́n fi lè sọdá òkun tó gbòòrò báyẹn. Ó ní ìyẹ́ idì rọ̀, ìfẹ́ nìyẹn. Awọ ẹfọ̀n ń móoru, ààbò nìyẹn. Kí wọ́n jọ̀wọ́ fẹ́ràn ìdílé àwọn, kí wọ́n sì dáàbò bò ó. Ìwọ tí o máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àrokò, o ó mọ bí ọ̀rọ̀ tó wà nínú awọ yẹn ṣe wúwo tó.

Oglethorpe àti William Bull, tó wá láti Charles Town, ni wọ́n wọn ìlú. Gbàgede kan á wà láàárín, ilẹ̀ ilé 40 á wà yí i ká. Bí èrò bá pọ̀ sí i, wọ́n á tún ṣe irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Johnson Square ni àkọ́kọ́, 22 nínú àwọn gbàgede náà ló sì wà títí dòní. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́, abẹ́ igi wọn ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí ìgbìmọ̀ san owó ọkọ̀ fún gba ilẹ̀ ilé, ọgbà éékà 5, àti oko éékà 45. Kò gbọdọ̀ tà á, ọmọkùnrin nìkan ló sì lè jogún rẹ̀. Wọ́n fi òfin de ọtí rọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí wọ́n gbin igi mọ́líbẹ́rì, kí wọ́n máa sin kòkòrò sílíìkì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lọ jìnnà.

Ṣùgbọ́n Bull ò dá wá o. Ó mú ẹrú rẹ̀ mẹ́rin tó mọ igi í là dání, àwọn ni wọ́n sì bá wọn la pákó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Àdùkẹ́, láti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ènìyàn dúdú ti wà nínú ilé ìlú tí wọ́n ní kò ní ẹrú.

Nígbà tí oòrùn mú, ibà bẹ́ sílẹ̀. Dókítà tí wọ́n bá wá ti kú. Ní oṣù Keje 1733 ni ọkọ̀ kan gbé àwọn Júù 42 dé, dókítà Samuel Nunes sì wà lára wọn. Ó tọ́jú àwọn aláìsàn, kò gba kọ́bọ̀. Inú ìgbìmọ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò dùn sí bíbọ̀ àwọn Júù, ṣùgbọ́n Oglethorpe jẹ́ kí wọ́n dúró.

Ó wá ku òfin tó ka ẹrú léèwọ̀ yẹn. Ọdún 1735 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Àánú wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹrú yóò sá tọ àwọn ará Sípéènì lọ ní Florida, pé yóò dìtẹ̀, pé òyìnbó tó ní ẹrú yóò ya ọ̀lẹ. Oglethorpe fúnra rẹ̀ ni igbákejì gómìnà Royal African Company ní 1732, ilé iṣẹ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọmọ Áfíríkà lẹ́rú. Láàárín àkókò yẹn kan náà, lẹ́tà tí Ayuba Suleiman Diallo, Fúlàní ará Bundu, fi èdè Lárúbáwá kọ sí bàbá rẹ̀ láti oko ẹrú ní Maryland bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní Oxford, nígbà tó sì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó dúró fún owó tí wọ́n fi gba ọkùnrin náà sílẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló ṣe méjèèjì. Mo ti rò ó títí, mi ò lè fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ń wo South Carolina lókèèrè, wọ́n ń rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń fi òógùn ẹlòmíràn dolówó. Ní oṣù Kejìlá 1738, àwọn tó lé ní 100 fọwọ́ sí ìwé pé kí ìgbìmọ̀ fàyè gba ẹrú. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Scotland 18 tó ń gbé ní Darien, ìlú mìíràn ní Georgia, kọ ìwé tiwọn pé àwọn ò fẹ́. Lóòótọ́, ẹ̀rù àwọn ará Sípéènì ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ kedere pé ó burú jáì kí wọ́n sọ ìran ènìyàn kan di ẹrú títí ayé. Ka ìyẹn sí àwọn ọmọ rẹ létí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn pé ojú gbogbo òyìnbó ìgbà náà ló fọ́.

Oglethorpe padà sílé ní 1743, kò sì wá mọ́. Oṣù Kìíní 1751 ni òfin náà kú. Ṣáájú 1750, ẹrú tó wà ní Georgia kò tó 500. Nígbà tó fi máa di 1775, wọ́n ti tó 18,000. Omi máa ń bọ́ lójú mi tí mo bá rò ó, torí pé àwọn tó ń tọrọ ẹrú mọ̀ pé ìlú lè wà láìsí i, wọ́n ń gbé inú rẹ̀.

Tomochichi kú ní oṣù Kẹwàá 1739. Ó ti ní kí wọ́n sin òun sáàárín ìlú, wọ́n sì ṣe é, Oglethorpe wà lára àwọn tó gbé pósí. Ní 1883, wọ́n gbé ọwọ̀n ìrántí ọ̀gá ilé iṣẹ́ rélùwéè kan sí ojú oórì yẹn. Ìyàwó ọmọ ọkùnrin náà wà lára àwọn tó rí i pé ìyẹn kò dára, ìdí nìyẹn tí òkúta ńlá fi dúró fún Tomochichi ní igun gbàgede náà láti 1899.

Mo ti rí àwòrán ìlú náà tí Peter Gordon mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1734: àkàsọ̀ láti etí odò, àgọ́ Oglethorpe lábẹ́ igi páìnì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù gòkè, ààrò gbogboògbò, kànga, ìlà ilé kéékèèké, igbó kìjikìji lẹ́yìn wọn. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, kí n fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀, kí o lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Kọ ìbéèrè tí àwọn ọmọ bá bi ọ́ ránṣẹ́ sí mi, gbogbo rẹ̀ ni màá dáhùn.

Bá mi kí màmá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́