Sí ẹ̀yin oníbàárà wa: à ń padà sórí ọ̀sà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin òbí tí ẹ gbé ọmọ yín lé wa lọ́wọ́ láti kọ́ ọkọ̀ títù, ẹ kú ìrójú, ẹ kú àforítì. A gbọ́ pé àrùn kòrónà yìí kan ilé àwọn kan nínú yín. Kí Ọlọ́run tu yín nínú, kó má sì jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, a ó tún gbé ọkọ̀ onígbòkun wa sómi ní etí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́tta. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kónílé ó gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ni a ti ti géètì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi wá pé nígbà tí wọ́n dẹ òfin náà ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, tí ọjà ṣí, tí ọ́fíìsì ṣí, kí ló dé tí àwa ò ṣí? Ọjà àti ọ́fíìsì ni wọ́n sọ pé kó ṣí, wọn ò ní kí ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ bíi tiwa ṣí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni Gómìnà Babajide Sanwo-Olu tó kéde pé àwọn ẹgbẹ́ àti ibi ìgbafẹ́ lè ṣí láti ọjọ́ 14, bí wọ́n bá ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ Lagos State Safety Commission, àjọ tó ń rí sí ààbò ní Èkó. A ti gba tiwa, ó wà lára géètì, ẹni tó bá fẹ́ kó kà á.

Mo mọ̀ pé àwọn òfin tuntun tí ẹ ó bá níbẹ̀ yóò bí àwọn kan nínú. Ẹnì kan tiẹ̀ ti sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ṣebí orí omi la wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kí ló kan ìbòmú?" Kò parọ́. Lóṣù Kẹjọ tí atẹ́gùn ń ti ìhà òkun fẹ́ wọlé, èémí ẹnì kan ò lè dúró lórí ọ̀sà débi tí ẹlòmíràn á fà á símú. Orí omi kọ́ là ń bẹ̀rù, èbúté là ń bẹ̀rù. Ẹ rántí bí ọjọ́ Sátidé ṣe máa ń rí: yàrá ìpààrọ̀ aṣọ tí kò fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù àlòkù Yaba lọ, tí gbogbo wa rọ́ sínú rẹ̀, pátákó èbúté tóóró tí ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ ń fara kanra, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan bọ́ tòun ti òógùn, tí ẹlòmíràn gbé wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹja yíyan lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo orí á pàdé lórí àwo kan. Ibẹ̀ ni kòrónà ti ń rí ẹran jẹ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni òfin wa pọ̀ sí. A ti ti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ pa, nítorí náà ẹ wọ aṣọ ọkọ̀ yín láti ilé. Ẹ lo ìbòmú láti géètì títí ẹ ó fi jókòó sínú ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti ṣí, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ dì í. Ìbòmú tó bá tutù kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, èémí ẹni tó bá sì fi í ṣubú sómi lè há. Ẹja yíyan náà ò ní sí fún ìgbà díẹ̀. Ó dun èmi gan-an jù yín lọ.

Ní ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ní tirẹ̀ kó mú un wá. Tiwa tí ẹ bá wọ̀, a ó fi ọṣẹ àti omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, a ó sì sá a sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án, torí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lóṣù Kẹta fi hàn pé kòkòrò náà lè wà lára ike fún nǹkan bíi wákàtí 72. Àwọn kan ní ká da Hypo sí gbogbo nǹkan. Rárá o. Hypo máa ń jẹ òwú tí wọ́n fi rán jákẹ́ẹ̀tì àti ìgbòkun, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí òwú á fi já lójú omi.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A ò tíì lè gbà yín. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ onígbòkun gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀ tó dojú dé padà, olùkọ́ ò sì lè jókòó sókèèrè kọ́ ọ. Á dì í mú, á fà á sínú ọkọ̀, wọ́n á jọ máa mí hẹlẹhẹlẹ sójú ara wọn. Ọkọ̀ adóòlà náà ò yàtọ̀: ẹni tó ń rì, a ò ní bèèrè pé kó takété. Nítorí náà, ẹni tó lè dá ọkọ̀ tù tó sì lè dá a gbé dìde nìkan ni yóò máa jáde. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì sì wà fún àwọn tó ń gbé ilé kan náà: tọkọtaya, bàbá àti ọmọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Kí ẹ má rò pé a kàn sùn láti oṣù Kẹta. Ìgbòkun tí a ká pamọ́ ti bu nínú òjò, a tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a fọ̀ ọ́, a sá a. Oòrùn ti jẹ okùn kan gbẹ débi pé ó ń ya lọ́wọ́, a ti ra tuntun. Epo bẹntiróòlù tó wà nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ adóòlà ti bàjẹ́, a dà á nù, mẹkáníìkì sì tú ẹ̀rọ náà fọ̀. Àwọn apẹja tó ń fi ìgbòkun àpò ìyẹ̀fun rírán kọjá níwájú wa ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tiwọn ò fìgbà kankan kúrò lómi.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtì igi tó já kúrò lára èyí tí wọ́n so pọ̀ wá sí Òkò Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Orí rẹ̀ díẹ̀ ló máa ń yọ, ó sì lè dá ìtọ́kọ̀ sí méjì. Tí arọ̀kúrò bá dé, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun yóò tún gbá ewé orí omi tó ń tanná àlùkò (water hyacinth) wọ ọ̀sà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní agbègbè Badagry ní 1984. Kò ní lọ títí iyọ̀ òkun á fi padà wọlé lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ọ̀sà kó tètè wá kí ewé náà tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Erékùṣù wá, ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ 24 oṣù Keje ni wọ́n ti ti apá kan afárá Third Mainland fún àtúnṣe olóṣù mẹ́fà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe ti eré, ẹ gba Carter Bridge. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀.

Owó tí ẹ san fún ọdún yìí ò sọnù. Iye oṣù tí a fi ti géètì la ó fi kún tiyín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà kó sọ, a ò ní béèrè ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì la ó san án: ìdajì ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ìdajì ní ìparí oṣù Kẹwàá, torí owó oṣù àwọn ọmọ tó ṣọ́ ọkọ̀ wa nígbà kónílé-ó-gbélé jáde nínú owó náà. A ò fowó lé nǹkankan. Onídáńfó fowó kún owó ọkọ̀ nítorí èrò dín, epo ni wọ́n ń rà. Atẹ́gùn ló ń gbé tiwa, ìjọba ò sì tíì fowó lé e.

Ẹ fi orúkọ yín, iye èèyàn àti wákàtí tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ó pẹ́ tán, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí a ò bá dá lóhùn kó má wulẹ̀ wá, nítorí ẹ̀ṣọ́ géètì ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé, bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni.