Ẹ̀yin olóòtú, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ Eredo yìí

Ẹ̀yin olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ìyàwó mi tiẹ̀ máa ń sọ pé inú ilé nìkan ni mo ti ń pariwo, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà Ojúde Ọba tó kọjá. Àwọn ọmọ ti Èkó wálé, mo bá ní kí n mú ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ wo Eredo Sungbo, kòtò ńlá àti òkìtì tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, kóun náà mọ̀ pé Ìjẹ̀bú kọjá ká gẹṣin ká wọ sányán.

A bá àwọn kan níbẹ̀, ọmọkùnrin kan ló ń mú wọn kiri, la bá dara pọ̀ mọ́ wọn. Háà, gẹ̀ẹ́sì! Ó gun orí gẹ̀ẹ́sì kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa tá a wà níbẹ̀ ọmọ Yorùbá ni o. Ọmọ mi wo ìsàlẹ̀ kòtò, ó wo òkè, ó ní "Bàbá Ìjẹ̀bú, kí ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ṣé katapílà ti wà nígbà yẹn ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàbá adẹ́mu kan tó ń kọjá lọ, igbà léjìká, ló dúró. Ó ní katapílà kẹ̀, irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ni, àti pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń wà jáde, apá inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ń dà á sí, bí kòtò ṣe ń jìn sí i bẹ́ẹ̀ ni òkìtì ń ga sí i. Ó mú ọwọ́ ọmọ yẹn, ó fi kan ara ògiri, ó tutù rinrin, ewé wẹ́wẹ́ ti hù bò ó bíi tìmùtìmù. Ọmọ ò fẹ́ lọlé mọ́.

Láti ìsàlẹ̀ dókè, ibòmíì tó mítà 20. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ yí i po, ó lé ní kìlómítà 160, láti Ògùn títí wọ Èkó. Patrick Darling, òyìnbó tó wá wọ̀n ọ́n, ló jẹ́ káyé gbọ́ nípa ẹ̀ ní nǹkan bí 1999, bẹ́ẹ̀ láti 1995 ló ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ fà kalẹ̀ fún UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń kọ ibi ìṣẹ̀ǹbáyé sínú ìwé ogún àgbáyé. (Àwọn tó ní Bilikisu Sungbo, obìnrin tí wọ́n ní ó ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ, ni Ayaba Ṣébà, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná, Sólómọ́nì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́ Eredo.)

Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo tó wọ ìwé yẹn ní 2005. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, obìnrin òyìnbó, kò dá ère inú igbó yẹn mọ, Adébísí Àkànjí tó bá a ṣe é, bíríkìlà ni, ọmọ ìlú ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tiwa ńkọ́? Ìpàdé inú òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tán wọ́n á túká, ẹni tí oko ẹ̀ kángun sí Eredo ò gbọ́ nǹkan kan, ó ń wa yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ ó ń tà, mi ò tiẹ̀ dá a lẹ́bi, ta ló sọ fún un?

Ìwé pẹlẹbẹ alàwòrán ni mò ń sọ, Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n pín in fún sùkúù pámárì tó wà nítòsí ibẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé yẹn bí wọ́n ṣe ń mú àlejò kiri kí wọ́n sì sanwó fún wọn, kí wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ sórí rédíò. Ẹ̀yin náà, ẹ fún wa ní ojú ewé kan lóṣooṣù fáwọn ọmọdé. Mo ṣe tán láti lọ jókòó ti bàbá adẹ́mu yẹn kí n máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, mo kàn máa kọ́kọ́ wá a rí ná ni, torí mi ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ ẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde